Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọ̀run

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ohun tó ń gba ọ̀fun wọlé ló ń mú ara le, òun náà ló sì ń pani. Bó ti rí fún ọmọ ènìyàn ló rí fún máṣíìnì, ìyẹn alùpùpù. Fíltà afẹ́fẹ́ ni imú rẹ̀, kábúrétọ̀ ni ọ̀fun rẹ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ imú tí kò wo ọ̀fun, ẹ́ńjìnnì ló ń gbẹ́ kòtò fún.

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Noman's Land, létí Sabon Gari ní Kánò, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn baba wa ti tẹ̀ lé ọkọ̀ ojú irin dé ìlú náà. Orúkọ àdúgbò yìí ń sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní olóhun, ṣùgbọ́n eruku ibẹ̀ ní olóhun: gbogbo wa la jọ ni ín. Láti 2013 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò ti fòfin de àchàbà, ìyẹn ọ̀kadà akérò, nínú ìgboro, máṣíìnì tó kù lọ́wọ́ wa, ti ara ẹni ni. Ohun tó bá sì jẹ́ ti ara ẹni, èèyàn a máa fẹ́ ṣe é lóge. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fíltà ti wọlé.

Fíltà pupa tó ṣe ṣóńṣó bí àrọ tí a fi ń rọ epo ni àwọn ọ̀dọ́ ń rà. Wọ́n á tú àpótí dúdú tó bá máṣíìnì wá, tí fíltà wà nínú rẹ̀, dànù, wọ́n á ki tuntun bọ ẹnu kábúrétọ̀. Ohùn máṣíìnì á yí padà, inú ọmọ á dùn. Ẹ jọ̀ọ́, àgbá òfìfo ló ń pariwo jù. Ẹ má fi ariwo wọn agbára.

Ẹ wo ẹni tó ń fi sítírọ́ọ̀ mu zobo. Bí sítírọ́ọ̀ náà bá lu lápá kan, yóò fà títí, afẹ́fẹ́ ni yóò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, zobo kò ní gòkè dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni kábúrétọ̀ ṣe ń fa epo. Àpótí dúdú yẹn ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ díẹ̀, ìdílọ́wọ́ náà sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí epo gba ojú ihò jẹ́ẹ̀tì, irin kékeré tó ń wọn epo nínú kábúrétọ̀, gòkè. Gíráàmù epo 1 ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi gíráàmù 15 kó tó jó tán, àwọn tó ṣe máṣíìnì sì ti fi àpótí yẹn ṣírò nígbà tí wọ́n ń yan jẹ́ẹ̀tì. Ẹ yọ àpótí, ẹ fi jẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sílẹ̀: omi pọ̀ ju ọkà lọ nìyẹn.

Máṣíìnì tí ebi epo ń pa kì í fi í pamọ́. Bí ẹ bá fún un níná lójijì, á kọ́kọ́ kọsẹ̀. Bí ẹ bá dá iná padà, á máa yìnbọn nínú sáílẹ́ńsà. Ẹ́ńjìnnì á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, bí ó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, písítìnì lè lu. Bí ẹ bá fa ṣóòkù díẹ̀ tí ara rẹ̀ wá yá, kò sí iyè méjì mọ́, ebi epo ni.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ tú pílọ́ọ̀gì, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Bó bá funfun bí eérú, epo kò tó. Bó bá dúdú tó ní èédú, epo ti pọ̀ jù. Kánò tó kó ẹ̀pà jọ bí òkè nígbà kan kò ní ṣàìmọ àwọ̀ tí à ń wá: àwọ̀ awọ ẹ̀pà yíyan.

Báwo la ṣe ń tún un ṣe? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ wo rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ olè ń gbà wọlé. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ṣúkúrù kékeré ara kábúrétọ̀. Ẹ rọra yí i wọlé títí yóò fi jókòó, ẹ má fún un pa, kí ẹ wá yí i síta bí ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀. Láti ibẹ̀, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dún geere. Ẹ ṣọ́ra níbí: bí ṣúkúrù náà bá wà lápá fíltà, afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n, yíyí i wọlé á dín afẹ́fẹ́ kù, bó bá wà lápá ẹ́ńjìnnì, epo ló ń wọ̀n, yíyí i wọlé á dín epo kù. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń ṣìnà níbí yìí.

Bó bá jẹ́ pé àárín ìrìn ló ti ń kọsẹ̀, abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ ni ká wò. Ẹ sọ kílíìpù rẹ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan, abẹ́rẹ́ á gòkè, epo á pọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ fún un níná dópin ni agbára ń tán, jẹ́ẹ̀tì ńlá ni. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ẹ ra èyí tó fi ìgbésẹ̀ kan jù ú lọ, ẹ dán an wò lójú ọ̀nà tó dá, kí ẹ tún wo pílọ́ọ̀gì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà fẹ ihò jẹ́ẹ̀tì lójú. Ihò tí a fi wáyà fẹ̀ kò ní nọ́ńbà mọ́, kò sì ṣeé dá padà. Ẹ má sì fi ìbẹ̀rù dà á lépo jù: láti May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, èéfín dúdú tó ń ti sáílẹ́ńsà jáde, owó yín ló ń jó.

Ṣùgbọ́n títún kábúrétọ̀ ṣe kò lè dá eruku dúró. Láti nǹkan bí oṣù November ni ọyẹ́ ti ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá bá Kánò. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Eruku tó bá gba ojú fífẹ̀ fíltà ṣóńṣó kọjá á pò mọ́ ọ́ìlì, á di ohun tó ń ha ara sìlíńdà bí sáńdípépà, títí máṣíìnì yóò fi máa jẹ ọ́ìlì, tí yóò máa rú èéfín aláwọ̀ aró. Kò sí jẹ́ẹ̀tì tó ń wo irú àìsàn yẹn sàn.

Nítorí náà, ẹni tí kì í bá ẹnikẹ́ni sáré ìje kò nílò fíltà ṣóńṣó. Bí ti inú àpótí bá gbó, ẹ ra tuntun tó bá àpótí náà mu. Bó bá jẹ́ ti fóòmù, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá sì ti dá àpótí tirẹ̀ nù, kó wá òmíràn rà, kó sì dá jẹ́ẹ̀tì àtijọ́ padà síbẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé.