Kí Akàndá Ẹ̀dá Náà Lè Kọ Fọ́ọ̀mù Iṣẹ́ Lórí Fóònù

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ń wáṣẹ́ ní Ṣágámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́ á kọ lẹ́tà, á sì mú un lọ fún ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Ayé ti yí. Nestlé àti International Breweries, tí wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ní Flowergate lẹ́bàá Ṣágámù, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́. Ní 2019, kò pẹ́ tí Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún, ọmọ Ìpẹru, gorí àlééfà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fi ṣí ojú òpó kan tí àwọn tí kò níṣẹ́ lè ti forúkọ sílẹ̀.

Ó yẹ kí èyí rọ akàndá ẹ̀dá lọ́rùn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ kò ní gun àtẹ̀gùn kankan kí ìwé rẹ̀ tó dé ọ́fíìsì. Síbẹ̀, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe láìro tirẹ̀ mọ́ ọn lè lé e padà kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Báwo ni ẹni tí kò ríran ṣe ń lo fóònù? Nínú ọ̀pọ̀ fóònù Android, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní TalkBack. Ẹ wọ Settings, kí ẹ wá Accessibility, ibẹ̀ lẹ ó ti rí i. Bí wọ́n bá ti tàn án, ibi tí ìka bá kàn lójú fóònù, ohùn kan á sọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá yára fa ìka sí ọ̀tún, ohùn náà á bọ́ sí èyí tó kàn. Tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n fẹ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Lórí kọ̀ǹpútà, NVDA ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Michael Curran, ọmọ Australia tí òun fúnra rẹ̀ kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń gbà á.

Ṣùgbọ́n bí ohùn yìí bá dé orí àpótí kan, ohun tí ẹni tó ṣe ojú òpó bá so mọ́ ọn ló máa ń kà. Bí wọ́n bá kọ “Ọjọ́ ìbí” sí òkè àpótí, tí wọn kò so ó mọ́ àpótí náà nínú iṣẹ́ inú rẹ̀, ojú á rí i, ṣùgbọ́n etí lè má gbọ́ ọ nígbà tí ohùn bá dé orí àpótí náà. “Àpótí, òfìfo. Àpótí, òfìfo.” Ohun tí onítọ̀hún lè máa gbọ́ nìyẹn títí dé ìsàlẹ̀. Ibòmíràn, wọ́n á ní kó mú àwòrán tó ní iná ojú títì, kó lè fi hàn pé ènìyàn ni òun! Ìkéde iṣẹ́ tí à ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ńkọ́? Àwòrán lásán ni púpọ̀ nínú wọn. Bí ẹni tó fi í ránṣẹ́ kò bá tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sísàlẹ̀, ó lè má dé etí aláìríran rárá. Adití kò lè lo ìkéde tó ní “ẹ pe nọ́ńbà yìí” nìkan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nílò àsìkò. Fọ́ọ̀mù tó ń pa ara rẹ̀ dé lójijì ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣòfò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á gba káfẹ̀ lọ, wọ́n á sì bẹ ọmọ ibẹ̀ kó bá wọn kọ ọ́. Àgbàlagbà tó kàwé yanjú á máa ka pásíwọ́ọ̀dù, nọ́ńbà NIN àti àìlera ara rẹ̀ sókè létí àwọn tí kò mọ̀ rí. Ìwọ̀sí gbáà ni, mi ò sì rí ìdí tó fi yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Òfin pàápàá kọ̀ ọ́. Ní oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari bọwọ́ lu òfin tó dènà ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá. Ó fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ bíi ti ẹlòmíràn. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ ìjọba rí i, níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe, pé ó kéré tán 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ akàndá ẹ̀dá. Ilé-iṣẹ́ tó bá ya akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ lè san ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò ṣeé ṣe nílẹ̀ wa. Láti 2017 ni JAMB ti ní ètò ìdánwò fún àwọn tí kò ríran, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ń darí. Àtúnṣe fọ́ọ̀mù kéré sí ìyẹn. Kí ẹni tó ṣe é tan TalkBack, kó di ojú, kó sì gbìyànjú láti kọ fọ́ọ̀mù ara rẹ̀ tán. Ibi tó bá há sí ni kó tún ṣe.

Bí fọ́ọ̀mù bá lé yín padà, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà kí ọjọ́ tó pé. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ wá iṣẹ́ akọ̀wé tí ẹ kéde. Mi ò ríran, NVDA ni mo ń lò. Ojú ìwé kejì fọ́ọ̀mù yín kò sọ orúkọ àwọn àpótí rẹ̀ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe, tàbí kí ẹ jẹ́ kí n fi ìwé mi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ímeèlì.”

Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ etí dídi, ẹ̀dà yẹn lẹ ó mú lọ bá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Àbújá.