Ó Ṣojú Mi Kòró: Èdè Ẹni Tó Lọ Wo Eré

"Mo gbọ́ Sunny Adé" yàtọ̀ sí "mo wo Sunny Adé." Ẹni tó gbọ́ ọ lè wà nínú yàrá rẹ̀ kí rédíò máa kọrin sí i létí. Ẹni tó wò ó ti múra, ó ti jáde nílé, ó ti dúró níbi tó ti ń rí òógùn lójú olórin. Orin là ń gbọ́, eré là ń wò. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ròyìn àwọn eré tó ti wò láti ìgbà èwe rẹ̀, ìbáà jẹ́ jùjú, ìbáà jẹ́ rọ́ọ̀kì àwọn òyìnbó, kó má sọ pé òun "lọ gbọ́ kọ́ńsáàtì." Kó sọ pé òun lọ wo eré, tàbí pé òun dé òde lágbájá. Kọ́ńsáàtì fúnra rẹ̀ ti di ọmọ ilé, mi ò bá a jà. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú rẹ̀ ni mo fẹ́ kó tọ́.

Gbólóhùn tó bá irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ mu jù lọ ni "ó ṣojú mi kòró." Àwọn àgbà a tún fi kún un pé "kò ṣẹ̀yìn mi." Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ni, kò yẹ ká máa lò ó lálòkulò. Lọ́jọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1985, wọ́n ṣe eré Live Aid ní pápá ìṣeré Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ṣe é ní Philadelphia l'Amẹ́ríkà lọ́jọ́ kan náà. Àìmọye èèyàn káàkiri ayé ló wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo wọn lè sọ pé àwọn wo ẹgbẹ́ olórin Queen. Ṣùgbọ́n àwọn bí 72,000 tí wọ́n wà ní Wembley nìkan ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ṣojú àwọn.

Eré Queen lọ́jọ́ náà kò ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tó ṣe, Freddie Mercury, akọrin wọn, pa orin tì, ó ń fi ohùn lásán pe èrò, èrò sì ń dá a lóhùn bó ṣe pè é gẹ́lẹ́. Ọmọ Yorùbá tó bá ń ròyìn èyí kò ní wá ọ̀rọ̀ lọ síbì kan: Freddie ń lé, èrò ń gbè. Lílé ni ti ẹni tó síwájú, ègbè ni ti àwọn tó kù, elégbè là ń pe àwọn tó ń gbe orin. Mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan pé "èrò ń tún un kọ lẹ́yìn rẹ̀." Ó ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ, torí pé ọmọ iléèwé tó ń ka ábídí tẹ̀lé tíṣà nìyẹn. Elégbè kì í ṣe atúnkọ. Òun ló gbé orin dúró. Bí ègbè bá já, òfìfo ni lílé.

Nǹkan tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ohun èlò orin. Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ tàbí ẹnu ṣe kan ohun èlò ni Yorùbá ń wò kó tó sọ̀rọ̀. Èyí tó ní okùn tí ìka ń fà tó ń jù sílẹ̀, ta là ń ta á, ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń ta ọfà. Èyí tí ìka ń tẹ̀, bíi dùùrù àti píánò, a ń tẹ̀ ẹ́. Èyí tó ń gba èémí, a ń fọn ọ́n. Àwọn kan ń sọ pé fun. Ìlù, a ń lù ú. Ẹni tó sọ pé lágbájá "ń ṣeré gìtá" kò tíì jẹ́ ká rí ìka kankan.

Ẹ wo Jimi Hendrix, ata-gìtá, níbi eré ńlá tí wọ́n ń pè ní Woodstock. Oko màlúù Max Yasgur ni wọ́n ti ṣe é, ní Bethel, ìpínlẹ̀ New York, lóṣù Kẹjọ ọdún 1969. Èrò tó wá lé ní 400,000, òjò rọ̀, ilẹ̀ di ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ ò gbèrò, ẹ má sọ fún mi pé "ibẹ̀ full." Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 18, ló tó kan Hendrix, ọ̀pọ̀ èrò ti lọ sílé. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Gìtá tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló yí padà, tó tún okùn rẹ̀ tò, tó ń fi ọwọ́ òsì ta. Ó wá mú orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kò la ẹnu rárá. Gìtá ló fi kọ ọ́, ó ń ta á, ó ń fa ohùn rẹ̀, títí a fi ń gbọ́ ìró bọ́ǹbù àti ọkọ̀ òfúrufú ogun láàárín orin náà, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣì ń jà ní Vietnam. "Gìtá ló fi kọ ọ́": bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, bí a ti ń sọ pé onílù fi ìlù sọ̀rọ̀.

"Ta" yìí gbòòrò. Nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé nígbà kan rí, Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta gìtá kan tó máa ń dùbúlẹ̀ gbalaja níwájú ẹni tó ń lò ó. Ọwọ́ kan ń ta okùn, ọwọ́ kejì ń fi irin yọ́ lórí rẹ̀, ohùn á sì máa fà lọ. Síbẹ̀ ta ni. Àgídìgbo ló ṣòro díẹ̀. Ìka ni wọ́n fi ń ta ahọ́n irin rẹ̀, ṣùgbọ́n òwe sọ pé bí òwe bí òwe là ń lu àgídìgbo. Mo rò pé nítorí àpótí rẹ̀ ni, tí alágídìgbo tún máa ń fi ọwọ́ gbá bó ti ń ta á.

Ìlù náà ní tirẹ̀. Ìlù a máa dún, a máa ró, ṣùgbọ́n gángan a máa fọhùn. Ní Woodstock kan náà, lọ́jọ́ 16, ẹgbẹ́ Santana lu "Jingo," orin Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, èyí tó wà nínú àwo rẹ̀ Drums of Passion. Ìlù dún lọ́jọ́ náà, ó ró, èrò jó. N kò ní sọ pé ó fọhùn, nítorí pé fífọhùn ń fẹ́ ẹni tó gbọ́ èdè.

Ó wá ku bí eré ṣe rí lára òǹwòran. Ibẹ̀ la ti ń ṣi ọ̀rọ̀ lò jù. Lọ́dún 1973, Paul McCartney wá sí Èkó láti gba orin àwo Band on the Run sílẹ̀. Lákòókò yẹn ló lọ wo Fẹlá ní ilé ijó rẹ̀. Fẹlá tó ń kọrin, tó ń tẹ dùùrù, tó tún ń fọn fèrè. Tony Allen tó ń lu ìlù lẹ́yìn rẹ̀. McCartney, tí òun náà ti ṣeré fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn pẹ̀lú Beatles, ti sọ ọ́ ní gbangba pé nígbà tí orin náà bẹ̀rẹ̀, ẹkún ni òun bú sí.

Báwo la ṣe fẹ́ sọ èyí? "Inú rẹ̀ dùn" kéré jọjọ. "Ara rẹ̀ bù máṣọ" kọ́, ti ẹni tí ẹ̀rù tàbí ìyanu gbò lójijì nìyẹn. "Orí rẹ̀ wú" náà kọ́. Orí ẹni a máa wú nígbà tí wọ́n bá fi oríkì tàbí orúkọ rẹ̀ kí i. Òde jùjú nibi tó ti ń ṣẹlẹ̀, tí gángan bá pe baba ńlá ẹni, tí ẹni náà dìde, tó ń ki ọwọ́ bọ àpò. Kò sẹ́ni tó ki McCartney lóru ọjọ́ náà, kò sì gbọ́ Yorùbá. Orin náà ló wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara.