Bí Ẹ́ńjìnnì Lọ́rì Oní-dísù Bá Kọ̀ Láti Sítáàtì Lẹ́yìn Àtúnṣe

Ohun tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù ni pé kí a tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, kí a pààrọ̀ ohun tí ó gbó nínú rẹ̀, kí a sì tò ó padà, ṣùgbọ́n kí ó máa yí ṣáá láìgbà láti ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ lọ́rì tí ó fẹ́ kó ẹ̀gẹ́ ni, wàhálà ńlá dé, nítorí pé ẹ̀gẹ́ tí a ti fà tu kì í pẹ́ ju ọjọ́ 2 tàbí 3 lọ kí ó tó máa bàjẹ́. Nínú ìkánjú bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba ohun tí kò bàjẹ́ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ bí a ti ń wá ìdí ọ̀ràn náà ní ẹsẹẹsẹ.

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Rudolf Diesel, ni ó ronú kan irú ẹ́ńjìnnì yìí, ó sì ṣe èyí tí ó yanjú ní ọdún 1897. Kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná bí ti oní-pẹtiróòlù. Atẹ́gùn nìkan ni ó ń wọ inú sílíńdà. Písítìn yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbóná ju ìwọ̀n 500 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Nígbà náà ni pọ́ǹpù yóò ti epo gba ẹnu nọ́sù wọlé wínníwínní bí ìrì, iná yóò sì ràn. Nítorí náà, ohun 3 ni ẹ́ńjìnnì yìí ń béèrè: kí ó yí kánkán tó, kí epo tí kò ní atẹ́gùn nínú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí epo náà sì wọlé ní àkókò tí ó yẹ.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí a yọ ọkọ̀ kúrò nínú jíà, kí a fi igi há táyà rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe mu sìgá nítòsí.

ÈKÍNNÍ: BÍ Ó TI Ń YÍ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tìkọ̀tìkọ̀, atẹ́gùn inú rẹ̀ kò lè gbóná tó. Ẹ wo bátìrì, ẹ wo orí rẹ̀ bóyá ó dípẹtà, kí ẹ sì wo wáyà tí ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ férémù ọkọ̀, nítorí pé àwọn aláṣe sábà máa ń gbàgbé láti dì í padà. Ẹ má ṣe yí i ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ lẹ́ẹ̀kan; ẹ jẹ́ kí ó sinmi ní ìṣẹ́jú 2, kí kíkísítátà má baà jóná. Ṣùgbọ́n bí ó bá yí díẹ̀ tí ó sì dúró gbọn-in, ẹ má ṣe fi agbára mú un. Ó lè jẹ́ pé omi tàbí epo ti dúró sórí písítìn, ọ̀pá písítìn yóò sì tẹ̀. Ẹ yọ àwọn nọ́sù, kí ẹ fi ọwọ́ yí i títí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò fi jáde.

ÈKEJÌ: ÈÉFÍN. Kí ẹnìkan máa yí i, kí ẹlòmíràn máa wo ẹnu sàlẹ́ńsà. Bí èéfín kò bá jáde rárá, epo kò dé inú sílíńdà. Bí èéfín funfun bá ń jáde, epo ń dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò jó.

ÈKẸTA: BÍ KÒ BÁ SÍ ÈÉFÍN. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó rọrùn: ṣé epo wà nínú táǹkì, ṣé wọ́n ṣí ẹ̀rọ epo, ṣé wáyà tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì ti padà sí ipò rẹ̀? Mo ti fi ojú mi rí lọ́rì kan tí wọ́n yí títí bátìrì méjèèjì fi kú. Wáyà yìí ni wọ́n fà tí wọn kò dá padà.

Lẹ́yìn èyí, atẹ́gùn ni kí á fura sí, nítorí kò sí bí a ti lè tú páìpù epo tí atẹ́gùn kò ní wọ̀ ọ́. Ẹ tú ìdè kékeré orí fílítà, kí ẹ máa fi ọwọ́ fún pọ́ǹpù kékeré títí epo yóò fi máa ṣàn láìní ìhó, kí ẹ sì dì í. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti pọ́ǹpù ńlá. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì páìpù lẹ́nu nọ́sù díẹ̀, kí ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí epo yóò fi tú jáde níbẹ̀, kí ẹ dì í padà. Ẹ má ṣe gbé ọwọ́ sí iwájú epo náà. Ó lè gún awọ ara wọlé. Ojú ọgbẹ́ náà yóò kéré, ṣùgbọ́n ó lè gba ọwọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ lójú ẹsẹ̀. Ní ti àwọn lọ́rì titun tí kọ̀ǹpútà ń darí, ẹ má ṣe tú páìpù nọ́sù wọn rárá, nítorí agbára epo inú wọn pọ̀ jọjọ.

ÈKẸRIN: BÍ ÈÉFÍN BÁ FUNFUN. Àṣìṣe lè wà nínú ìtòjọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 6, bí iná ti ń tẹ̀lé ara wọn ni 1, 5, 3, 6, 2, 4. Bí páìpù 2 bá fi ipò ṣe pàṣípààrọ̀, iṣẹ́ dàrú. Ẹ rántí pẹ̀lú pé kíráńkì máa ń yí ní ẹ̀ẹ̀mejì kí pọ́ǹpù tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, àmì ara kíráńkì a máa bọ́ sí ipò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni ó tọ̀nà fún pọ́ǹpù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ aláṣe ti ń ṣìnà. Ẹ tún wo fáàfù bóyá wọ́n dì í le jù, tí kò fi lè pa ẹnu dé.

Ẹ má ṣe da pẹtiróòlù sí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ó lè gbiná lójú yín, ó sì lè fọ́ písítìn. Ẹ má sì ṣe wọ́ ọkọ̀ kí ó lè sítáàtì nígbà tí ẹ kò tí ì mọ̀ bóyá ìtòjọ rẹ̀ pé.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Kí ẹni tí ó mọ̀wé nínú yín jọ̀wọ́ ka ẹ̀kọ́ yìí sí etí àwọn awakọ̀ àti àwọn mẹkáníìkì tí ó wà ní àdúgbò yín.