Ohun Tí A Bá Fi Ẹ̀sọ̀ Mú Kì Í Bàjẹ́: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Fi Katapílà Fa Gẹdú

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní ń ni ni lára. Ẹ lọ wo òwe yìí nínú igbó lásìkò òjò, nígbà tí pélódà oníṣéènì, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní katapílà, bá ń wọ́ ìtì arère tàbí ọ̀gànwó bọ̀ níbi tí agbégilódò ti ń dúró dè é. Bí ṣéènì bá ti ń yí lójú kan, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn awakọ̀ ni pé kó tẹná sí i. Iná yẹn gan-an ló ń gbẹ́ kòtò. Ṣéènì á máa họ ilẹ̀ sẹ́yìn títí ikùn ọkọ̀ á fi jókòó sórí ẹrẹ̀, agbára ẹ́ńjìnnì ò sì ní wúlò mọ́. Ilẹ̀ ló ń gbé katapílà rìn. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ í wò ló ń fa gẹdú délé.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ oníṣéènì mọ èyí. Ní 1901, Alvin Lombard, ará Waterville ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, gba ìwé-àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń fi ṣéènì rìn, tí wọ́n ń fi fa ìtì igi lórí yìnyín. Ní 1904, ní agbègbè Stockton ní California, Benjamin Holt yọ táyà ẹ̀yìn ẹ̀rọ tirẹ̀, ó fi ṣéènì rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ débi pé ó ń gbé ẹ̀rọ mì. Kì í ṣe agbára ni wọ́n fi kún un. Wọ́n tẹ́ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ni.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ẹ tó náwó sórí ọkọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé ó ń rì ni, àbí ó ń yọ̀? Ìwòsàn méjèèjì yàtọ̀ síra.

Bó bá jẹ́ pé ó ń rì, bíi ti àbàtà etí odò, àwo irin tó fẹ̀ lára ṣéènì ló máa ràn yín lọ́wọ́. Ká ní ọkọ̀ yín wọn 15,000 kílò, tí àwo ṣéènì rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, tí ṣéènì kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì sì fi sẹ̀ǹtímítà 230 kanlẹ̀. Ìwọ̀n tó ń tẹ sẹ̀ǹtímítà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní òró àti ní ìbú, á tó kílò 0.82. Bí ẹ bá fi àwo tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50 pààrọ̀ rẹ̀, á wálẹ̀ sí kílò 0.65. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe é ju bó ti yẹ lọ. Bí àwo tó fẹ̀ bá gun kùkùté tàbí òkúta, ó lè tẹ̀, á sì tètè jẹ píìnì ṣéènì.

Bó bá jẹ́ pé ó ń yọ̀, bíi ti ilẹ̀ amọ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, tí òkè rẹ̀ ń yọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì le, eyín ṣéènì ni kí ẹ wò. Bí ẹni tó ń gun òkè amọ̀ ṣe ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gún ilẹ̀ ni eyín náà ṣe gbọ́dọ̀ wọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ pélódà ló ń gbé eyín méjì tàbí mẹ́ta tó kúrú lórí àwo kọ̀ọ̀kan, torí pé iṣẹ́ wọn gba kí wọ́n máa yí kiri. Eyín kan ṣoṣo tó ga, irú ti búdósà, ló ń di ilẹ̀ mú jù, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ ṣòro yí, ó sì ń fi ìyà jẹ ṣéènì. Fún fífa igi, eyín méjì ló sábà ń bá a mu. Bí eyín bá ti jẹ tán, tí àwo ṣì le, wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè jó irin tuntun mọ́ ọn. Kó kọ́kọ́ fi iná yá irin náà, kó sì lo igi ìjórin gbígbẹ irú E7018, kí ojú ibi tó jó má baà sán.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ àti igi wẹ́wẹ́ kúrò láàárín ṣéènì. Ẹrẹ̀ tó bá dì síbẹ̀ ń bo eyín mọ́lẹ̀, ó sì ń fa ṣéènì le. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ wọn rírọ̀ ṣéènì pẹ̀lú ẹrẹ̀ ibi iṣẹ́ lára rẹ̀, bí ìwé ọkọ̀ náà ṣe sọ. Bó bá le jù, ó ń jẹ irin, ó ń jí agbára. Bó bá rọ̀ jù, á já bọ́. Nígbà tí ẹ bá ń tú gíríìsì tó ń fà á le, ẹ yàgò fún ẹnu rẹ̀, torí ó lè gún awọ ara wọlé.

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà kí ọkọ̀ tó gbà á. Ẹ tẹ́ ẹ̀ka igi sí ojú ibi tó rọ̀. Níbi àbàtà, ẹ to igi wẹ́wẹ́ síbùú ọ̀nà kí wọ́n fara kan ara wọn. Ẹ gun òkè ní tààrà, ẹ má gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ yí díẹ̀díẹ̀, torí bí ọkọ̀ bá yí lójijì, ṣéènì kan ló ń fa gbogbo ẹrù.

Ẹ gbé orí ìtì sókè nígbà tí ẹ bá ń fà á. Kò ní gbẹ́lẹ̀, ẹrù rẹ̀ á sì tẹ ṣéènì mọ́lẹ̀. Bí wíǹṣì bá wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín, ẹ dúró sórí ilẹ̀ líle, kí ẹ na wáyà lọ bá igi nínú ẹrẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dúró nítòsí wáyà tó le.

Yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́. Ẹ wà á pẹ̀lẹ́, ní jíà kékeré. Bí ṣéènì bá ti yí lẹ́ẹ̀kan tí ọkọ̀ ò sún, ẹ dúró, ẹ sọ igi kalẹ̀, ẹ fi ojú ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, ní igbó ọba Omo àti Oluwa àti níbi gbogbo tí ẹ ti ń ṣe gẹdú, ẹ má ṣe lé awakọ̀ wọ inú ẹrẹ̀ nítorí pé agbégilódò ń dúró. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ilẹ̀ wa gbẹ jù. Ẹ fi ibi àbàtà pamọ́ de ìgbà náà. Igi tó ti wó kò ní sá lọ, ẹ̀mí ọmọ tó ń so wáyà ò sì ní ìpààrọ̀.