Ṣé Èmi Ni Mo Fa Àìsàn Ọmọ Mi?

Ìbéèrè: Dókítà, oríkèé ara ń ro ọmọ mi obìnrin, irun rẹ̀ ń já, ojú rẹ̀ a sì máa sú bó bá ti rìn nínú oòrùn. A lo oògùn ibà, a lo ti lákúrègbé, kó tó di pé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Òṣogbo fi hàn pé lupus ni. Wọ́n ní ara rẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀ jà. Àwọn ará ilé ní iṣẹ́ ayé ni. Ṣé èmi ni mo fà á ni?
*Ìyá kan, Iléṣà*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á, ayé kọ́, kì í sì í ràn.

Bí ara ṣe ń bá ara jà nìyí: inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì B, àwọn tó ń pèsè áńtíbọ́dì tó ń gbógun ti kòkòrò àrùn. Áńtíbọ́dì kọ̀ọ̀kan ní apá wíwúwo méjì àti apá fífúyẹ́ méjì. Oríṣi apá fífúyẹ́ méjì ló wà, kappa àti lambda. Ọ̀kan ni sẹ́ẹ̀lì kan sábà máa ń lò. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu nìyí: bí áńtíbọ́dì sẹ́ẹ̀lì tuntun bá ń dojú kọ ara tó ni ín, ara kì í kánjú pa á. Á kọ́kọ́ jẹ́ kó pààrọ̀ apá fífúyẹ́ náà, bí télọ̀ ṣe ń tú apá aṣọ tí kò bára mu kó lè rán òmíràn sí i. Lọ́dún 1993 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn lára eku. Sẹ́ẹ̀lì tí kò bá ṣeé tún ṣe sábà máa ń kú. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń yọ́ kọjá: wọ́n á gbé apá fífúyẹ́ méjì tó yàtọ̀ síra, èyí tó dára á sì bo èyí tó burú mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí ìjà yìí ń gbà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ìyá tó lè rí i.

Ẹ má dára yín lẹ́bi pé ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó mọ̀. Lọ́dún 1968, dókítà kan tó ń jẹ́ Greenwood kọ̀wé pé nínú àwọn tó lé ní 98,000 tí wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, 104 péré ló ní irú àìsàn tí ara ń bá ara jà. Ó rò pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn àrùn kòkòrò afòmọ́, bí ibà, ló ń dá a dúró. Nígbà tó fi di 2009, àwọn dókítà Adelowo àti Oguntona ti ṣàkọsílẹ̀ ọmọ Nàìjíríà 66 tó ní lupus. Lójú tèmi, púpọ̀ àwọn tó ní lupus ni a ti ń fi oògùn ibà tọ́jú láìmọ̀.

Bí wọ́n bá ti fún un ní oògùn hydroxychloroquine, kó má dá a dúró nítorí pé ara ti yá. Kó sì máa yẹ ojú wò, torí oògùn náà. Nítorí oòrùn, kó máa wọ aṣọ alápá gígùn, kó máa lo agboòrùn. Bó bá fẹ́ lóyún, kó kọ́kọ́ sọ fún dókítà. Ní ilé ìwòsàn Wesley Guild tó wà nítòsí yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, torí lupus lè kan kíndìnrín. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ ń hó, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.