Àrokọ Aṣàlàyé: Bí Jẹjẹrẹ Ṣe Ń Tàn Káàkiri Ara

(Àkíyèsí: To àlàyé rẹ ní ẹsẹẹsẹ, kí o sì fi ohun tí òǹkàwé mọ̀ ṣe àfiwé.)

Sẹ́ẹ̀lì wẹẹrẹ-wẹẹrẹ ni ó para pọ̀ di ara ènìyàn. Sẹ́ẹ̀lì tí ó péye mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dẹ́kun bíbí sí i; ti jẹjẹrẹ kò mọ̀ ọ́n, a sì máa pọ̀ títí yóò fi di kókó.

Bí ó bá pẹ́, díẹ̀ nínú wọn yóò já kúrò, wọn yóò sì wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí iṣan omi-ara. Ìdí nìyí tí jẹjẹrẹ ọmú fi sábà máa ń kọ́kọ́ tàn dé abíyá, kí ó tó dé egungun tàbí ẹ̀dọ̀fóró.

Ará Òde-Omi yóò tètè lóye èyí. Koríko olódòdó àlùkò tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ lórí ọ̀sà, Badagry ni a ti kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà ní 1984. Èyí tí ó bá já lára rẹ̀ ni omi ń gbé lọ. Ibi tí omi bá ti dákẹ́ ni yóò ti máa bí sí i.

Síbẹ̀, púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó já ni í kú lọ́nà. Ní 1889, Stephen Paget, oníṣẹ́ abẹ ará Lọ́ńdọ̀nù, fi wọ́n wé irúgbìn: ilẹ̀ tí ó bá gbà wọ́n nìkan ni wọ́n ti ń hù.

Nítorí náà, bí ìyá rẹ bá rí kókó lọ́mú, má ṣe jẹ́ kí ó dúró di ìgbà tí yóò máa dùn ún. Kí ó tó tàn, dókítà lè gé e kúrò pátápátá. Bí ó bá ti tàn, ìwòsàn di iṣẹ́ ńlá.