Ṣé kí n lọ bá wọn tọ́jú ọmọ ní Ghana?

Ìbéèrè: Irun ni mò ń ṣe ní Yoruba Road, Sabon Gari, Kano. Ilé ọmọ aláìlóbìí kan ní Accra ní kí n wá fi ọ̀sẹ̀ méjì bá àwọn ọmọ ṣeré lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ sanwó. Ṣé kí n lọ?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó wọkọ̀. Àánú yín wú mi lórí, àmọ́ ẹ má lọ. Bí ẹ bá ti wọlé báyìí, ọmọ kékeré á sáré wá dì mọ́ yín, á ní kí ẹ gbé òun pọ̀n. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ ti lọ, àlejò mìíràn ti dé. Ọmọ tí wọ́n ti fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ tún fi sílẹ̀ yẹn. Owó àlejò sì ń mú kí àwọn ilé kan máa wá ọmọ kún ọmọ, nígbà tí òbí ọ̀pọ̀ wọn wà láàyè. Ìjọba Ghana fúnra rẹ̀ ti ń gbìyànjú láti ọdún pípẹ́ láti dá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹbí. Ní December 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà ké sí àwọn ìjọba láti dènà ewu irú ìrìn-àjò yìí.

Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni mo rí pé ẹ lè fi ran ọmọ lọ́wọ́. Ẹ lọ bá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé ní Kano níbẹ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ máa dirun fún àwọn ọmọbìnrin tó wà lábẹ́ ìtọ́jú wọn lóṣooṣù, kí ẹ sì máa kọ́ àwọn àgbà inú wọn níṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó Accra ra kóòmù àti òwú ìkórun.